Kí Ẹ Tó Ra Táyà Mìíràn, Ẹ Fi Àtẹ́lẹwọ́ Yẹ Èyí Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Ọkọ̀ Wò

Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wa Corolla wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Ádó lọ́jọ́ kan, inú ń bí wọn. "Ọmọ mi, ayédèrú táyà ni wọ́n tà fún mi. Oṣù mẹ́rin péré, ó ti jẹ tán!" Mo yí sìtíárìn sápá kan kí ẹsẹ̀ iwájú lè yọ síta. Ìlà tó wà létí ìta táyà ṣì jìn dáadáa, àmọ́ etí ti inú ti dán bí orí apárí, wáyà ti ń yọjú. Táyà kò jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kò gún.

Ohun tí aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títún ẹsẹ̀ ọkọ̀ tò kó lè gún, wà fún nìyẹn. Ẹ wo ẹni tó ń rìn tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú síra. Ẹ̀gbẹ́ kan ni bàtà rẹ̀ máa ń jẹ. Bí táyà iwájú bá kọjú síra jù, tàbí tí wọ́n kẹ̀yìn síra, wọn kì í yí geere mọ́, ńṣe ni wọ́n ń fi ara gbo ọ̀dà lọ. Ẹ lè má gbọ́ ariwo kankan. Epo á máa lọ, táyà á máa tán.

Àtẹ́lẹwọ́ yín lè sọ fún yín ṣáájú mi. Ẹ jẹ́ kí táyà tutù, kí ẹ fọwọ́ ra ojú rẹ̀ láti ìta lọ sínú, kí ẹ tún rà á láti inú bọ̀ síta. Bó bá ń yọ̀ lọ́nà kan, tó ń họ yín lọ́wọ́ bí eyín ayùn lọ́nà kejì, aláìnmẹ́ǹtì ti yẹ̀. (Ẹ rọra o, wáyà tó ti yọ máa ń gún èèyàn.) Bó bá jẹ́ etí méjèèjì ló jẹ, afẹ́fẹ́ ló kéré, bí àárín bá jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Fọkanáísà ló ni ìyẹn.

Ọkọ̀ tún lè máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí sìtíárìn wọ́ nígbà tí ẹ ń lọ tààrà. Ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ ti dán an wò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọn afẹ́fẹ́, torí wọ́n máa ń jẹ́ kí títì dà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi lè ṣàn. Bó bá jẹ́ pé sìtíárìn ń gbọ̀n nígbà tí ẹ ń sáré ni, bálánsìn, ìyẹn mímú kí ìwúwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba yíká, ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kòtò ló sábà ń mú kí aláìnmẹ́ǹtì yẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ná Adó sí Àkúrẹ́ mọ ohun tí mò ń wí, pàápàá lásìkò òjò tí omi bá bo kòtò mọ́lẹ̀. Òkè Ẹ̀fọ̀n ló ń bà mí lẹ́rù jù fún ẹni tí táyà rẹ̀ ti dán: ní kọ́nà, lójú òjò, kí ni yóò fi di ọ̀dà mú?

Ibi tí èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń jà ni pé wọ́n á gbé ọkọ̀ tí táírọ́ọ̀dù rẹ̀ (ọ̀pá tó so sìtíárìn mọ́ ẹsẹ̀ iwájú) ti ń mì sórí ẹ̀rọ aláìnmẹ́ǹtì, wọ́n á gbowó. Nọ́ńbà lè dára lórí ẹ̀rọ lónìí. Kòtò àkọ́kọ́ ni yóò bà á jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kí wọ́n di táyà mú lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n mì ín. Bó bá ń dún kọ́-kọ́, ẹ pààrọ̀ ohun tó jẹ ná. Lẹ́yìn náà ni aláìnmẹ́ǹtì. Ẹ gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, ti kí wọ́n tó ṣe é àti ti ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe é tán, kí ẹ sì wa ọkọ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Èmi a máa ní kí oníbàárà padà wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tàbí bó bá ti rin 10,000 kìlómítà, tàbí bó bá ti kó sí kòtò gidi.

Táírọ́ọ̀dù òsì ni ti Bàbá tíṣà. A pààrọ̀ rẹ̀, a ṣe aláìnmẹ́ǹtì, sìtíárìn sì gún. Wọ́n wá béèrè bóyá mo lè bá wọn pe ẹni tó ta táyà, torí wọ́n ti bú u láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní ìyẹn kò sí nínú owó iṣẹ́ tèmi.