Ohun Tó Ń Gbé Inú Òkúta, láti Ìdànrè dé Aṣálẹ̀ Atacama

Ẹni tó bá wo àpáta Ìdànrè, tàbí àwọn òkè tó yí Àkúrẹ́ ká, á rí ìlà dúdú gbọọrọ tó gba ojú ọ̀nà omi òjò wálẹ̀. Kì í ṣe èérí. Ohun abẹ̀mí ni, cyanobacteria, kòkòrò àìfojúrí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ bí ewé. Aró scytonemin tó wà lára awọ wọn ló dúdú bẹ́ẹ̀, òun ló ń gba ìtànṣán tí ì bá pa wọ́n. Awọ náà máa ń fa omi, á wú, á sì máa yọ̀. Ìdí nìyẹn tí àpáta fi ń gbé èèyàn ṣubú lẹ́yìn òjò.

Ìta gbangba làwọn tiwa ń gbé. Ní aṣálẹ̀, ìta kò ṣeé gbé, ni wọ́n bá wọnú òkúta lọ. Ní 1976, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Imre Friedmann àti Roseli Ocampo, ròyìn wọn nínú òkúta oníyanrìn ní àfonífojì gbígbẹ Antarctica, ilẹ̀ yìnyín ìhà gúúsù ayé. Fi òòlù fọ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀, wàá rí ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ ewé ní mílímítà díẹ̀ sábẹ́ ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá sún sókè jù bẹ́ẹ̀, oòrùn á jó wọn. Bí wọ́n bá jìn sí i, ìmọ́lẹ̀ ò ní tó wọn.

Ní aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí òjò gidi tó rọ̀, síbẹ̀ wọ́n wà nínú òkúta iyọ̀. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti tó nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra, bí iyọ̀ inú agolo ṣe ń rin nílé ìdáná nígbà òjò. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tilẹ̀ ń mú omi kí afẹ́fẹ́ tó rin tó bẹ́ẹ̀, omi ọ̀hún kì í sì í tètè gbẹ.

Ọ̀pọ̀ á rò pé bí òjò bá pọ̀ sí i, ara á tù wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí òjò rọ̀ ní Atacama ní 2015 àti 2017, tí omi dá adágún sílẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú kòkòrò tó ń gbé ilẹ̀ ibẹ̀ ló ṣègbé. Ara tí ọ̀dá ti mọ́ lára ni omi rọ́ wọ̀ lójijì, ó sì bẹ́.

Omi tí kò pẹ́ náà léwu. Bí òkúta bá ti rin, kòkòrò á jí, á sì kọ́kọ́ máa jẹ oúnjẹ tó ti tọ́jú pa mọ́. Sísè tuntun ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí òkúta bá gbẹ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti jẹ ju ohun tó sè lọ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ léraléra, ebi á pa á kú. Ooru tó ń pọ̀ sí i sì ń mú kí òkúta tètè gbẹ. Àpáta dúdú tí oòrùn ọ̀sán pa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè gbóná ju 50°C lọ, òjò wẹliwẹli kò lè pẹ́ lórí rẹ̀.

Nítorí náà, iye òjò ọdún kan kò tó láti fi mọ̀ bóyá wọ́n á yè. Iye wákàtí tí òkúta fi ń rin lójú mọmọ ló yẹ ká máa kà, ní Atacama àti ní Ìdànrè.