Tramadol kò wo ẹ̀yìn yín: ohun tó ń ṣe nínú ọpọlọ nìyí

Ìyá kan tó ń rẹ aró ní Ìtòkú wọ ilé oògùn mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fọwọ́ ti ìbàdí bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú páálí kékeré kan tí wọ́n ti fà ya jáde. Ó ní, "Dókítà, irú èyí ni kí ẹ tà fún mi. Ọmọ mi ló fún mi. Nígbà tí mo lò ó, ẹ̀yìn yẹn ṣì ń dùn mí o, ṣùgbọ́n kò yọ mí lẹ́nu mọ́." Mo wo ara páálí náà. Tramadol ni, oògùn ìrora, ti mílígíráàmù 225.

Apòògùn ni mí, Abẹ́òkúta níbí ni mo sì ti ń ṣe é láti ọdún 19 sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn fẹnu ara rẹ̀ sọ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé oògùn yìí, nítorí kò sí bí n bá ṣe sọ ọ́ tó máa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí iná bá jó ìka yín, ìka kọ́ ló mọ̀ pé iná jó òun. Fọ́nrán iṣan kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú lọ ló ń gbé ìròyìn náà gba apá wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn yìí ni ibodè wà. Fọ́nrán àkọ́kọ́ á fi iṣẹ́ tí wọ́n rán an lé fọ́nrán kejì lọ́wọ́, ìyẹn ló máa gbé e dé ọpọlọ. Ìgbà tó bá dé ọpọlọ tán la tó máa ń ké pé "yéè!"

Ibodè kì í wà láìní oníbodè. Ara wa ní èròjà tirẹ̀ tó ń pàṣẹ fún oníbodè pé kó ti ilẹ̀kùn díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀ fi lè gún ìgò mọ́lẹ̀ kó má mọ̀, àfi nígbà tó délé tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú bàtà. Ọdún 1975 ni àwọn onímọ̀ ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Scotland, kéde pé àwọn rí irú èròjà bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà yẹn, ó ti lé ní 150 ọdún tí ará Jámánì kan ti yọ mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára, jáde lára oje òdòdó poppy. A ti ń lo kọ́kọ́rọ́ kí a tó mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí.

Mọ́fíìnì, kódíìnì, pethidine, tramadol, ẹbí kan ni wọ́n. Wọ́n jọ èròjà ara wa débi pé oníbodè ò mọ ìyàtọ̀. Bí wọ́n bá ti dé, fọ́nrán àkọ́kọ́ á dẹ́kun títú iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, èkejì á sì di onílọ̀ọ́ra. Wọ́n á tún gòkè lọ bá ibi tí ọpọlọ ti ń sọ ìrora di ìdààmú. Ohun tí ìyá wí gan-an nìyẹn: ó ń dùn ún, kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tó dé ìbàdí nínú gbogbo ìrìn yìí. Oríkèé tó ń jẹ ṣì ń jẹ.

Kódíìnì ní tirẹ̀ kò lágbára púpọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di mọ́fíìnì. Ẹ̀dọ̀ ẹnìkan á ṣe é wàràwàrà, ti ẹlòmíràn ò ní í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é rárá. Ṣíbí kan náà tí ọmọ kan mu tó sùn tó sì jí, ọmọ mìíràn lè mu ún kó má jí. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní kódíìnì àti kíkó o wọ̀lú.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyí. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, lápá ìpàkọ́, ni aláṣẹ èémí wà. Àwa kì í rántí láti mí èémí. Òun ló ń rántí fún wa, pàápàá lójú oorun. Bí afẹ́fẹ́ tó yẹ ká mí síta bá ti ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á ké sí àyà pé kó ṣiṣẹ́. Irú ilẹ̀kùn tó wà ní ibodè ìrora ló wà lára òun náà, oògùn ò sì mọ èyí tí ẹ rán an sí. Bí ó bá pọ̀, tàbí tí ẹ fi ọtí tàbí oògùn oorun lé e, aláṣẹ náà á tòògbé. Ikú oògùn yìí kì í pariwo. Àwọn ará ilé á rò pé ó kàn ń hanrun lójú oorun ni.

Àwọn ọmọ wa tó ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ ní Láfẹ́ńwá àti Pánṣẹ́kẹ́ ń sọ fún mi pé àwọn ti mọ́ ọn lára. Òótọ́ ni pé ohùn tí oníbodè ń gbọ́ lójoojúmọ́ kì í wọ̀ ọ́ létí mọ́, hóró 1 á di 2, 2 á di 4. Ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ló ń tètè ṣá. Aláṣẹ èémí kì í tètè mọ́ra bẹ́ẹ̀. Tramadol tún lè fa gìrì sí àgbàlagbà lára, èyí tí mọ́fíìnì kì í sábà ṣe. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lò ju 400 mílígíráàmù lọ lóòjọ́, hóró 2 péré nínú ti 225 sì ti kọjá ìyẹn. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì tó wá padà sí iye àtijọ́ ló wà nínú ewu jù, nítorí ara rẹ̀ ti di ti ẹni tí kò lò ó rí.

Bí ẹ bá bá ẹnìkan tí kò ṣeé jí, tí ẹyinjú dúdú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, tó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa bá lọ. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ naloxone wà tó ń lé oògùn náà kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè tán láàárín wákàtí kan tí oògùn ọ̀hún ṣì wà lára, nítorí náà ẹ má gbé e padà sílé nítorí pé ó lajú.

Ẹni tó sì ti di bárakú fún, bí kò bá rí i lò, á máa yán, imú á máa ṣàn, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, eegun á máa ro ó, ara rẹ̀ á rí wúruwùru bí ti adìyẹ tí a tu ìyẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe agídí. "Ṣé Àrò lẹ fẹ́ kí n gbé ọmọ mi lọ?" ni àwọn ìyá máa ń bi mí, omi á ti dé ojú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, Àrò ni. Wọ́n ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹ tìtorí èyí sá fún mọ́fíìnì tí dókítà bá kọ. Mo mọ bàbá kan tí jẹjẹrẹ wọ eegun rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi oògùn pamọ́ fún un kó má baà di bárakú. Ó sunkún títí tó fi kú. Ó ṣì ń dùn mí. Irú ìrora bẹ́ẹ̀, àti ti fòníkú-fọ̀ládìde nígbà tó bá gbé e dè, ni oògùn yìí wà fún, lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ èémí aláìsàn.

Mi ò ta tramadol fún ìyá. Mo kọ̀wé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun, mo sì ní kó wá àpótí tó ga díẹ̀ jókòó sí nídìí ìkòkò aró. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún tú etí ìró rẹ̀, ó ka hóró 5 tó kù lé orí tábìlì mi, ó ní, "Ọmọ yẹn gan-an ńkọ́? Ó ń lò ó lójoojúmọ́." Mo ní kó mú un wá bá mi lọ́jọ́ Ajé, kó má pariwo mọ́ ọn.