Àbẹ́là Ni Ó Bí Ìwé Ìròyìn Sinimá Urdu

Ní 1939 ni Yusuf Dehlvi bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ìròyìn Shama jáde lédè Urdu, ní Delhi ní Íńdíà, ewì àti ìtàn lápá kan, ìròyìn òṣèré lápá kejì. Àbẹ́là ni ìtumọ̀ Shama, orúkọ yìí gan-an ni mo sì dì mú. Àwọn kan ní ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ti Bombay ni àwọn oníwèé Urdu wò ṣe tiwọn. N kò gbà. Mushaira, àpéjọ akéwì, ni ó bí tiwọn.

Nínú mushaira àtijọ́, iwájú akéwì tí ó bá kàn ni wọ́n máa ń gbé àbẹ́là sí. Àbẹ́là yìí náà ni wọ́n fi ń kéwì nípa olólùfẹ́: ẹni tí a fẹ́ ni iná, ẹni tí ìfẹ́ ń pa ni àfòpiná. Àfòpiná tiwa náà kúkú nìyẹn, tó lóun ó pa fìtílà. Mo gbà pé níbẹ̀ ni àwọn oníwèé Urdu ti kọ́ bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn wò, bóyá ó dán, bóyá ó tẹ́, kí sinimá tó dé rárá. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí ìtàgé: Indar Sabha, eré tí Amanat kọ ní Lucknow, lẹ́yìn náà àwọn ẹgbẹ́ òṣèré Parsi, àwọn ará Íńdíà tí baba ńlá wọn ti Persia wá, tí wọ́n ń fi Urdu ṣeré. Alam Ara, fíìmù àkọ́kọ́ tó fọhùn ní Íńdíà ní 1931, orí ìtàgé ni ìtàn rẹ̀ ti wá.

“Ordu”, àgọ́ ọmọ ogun lédè Tọ́kì, ni a ti rí orúkọ Urdu. Èdè tí àgọ́ sọ lórúkọ, abájọ tí ìjà kò fi tán lórí rẹ̀! Àwọn kan ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Sanskrit, èdè àtijọ́ Íńdíà, kún ẹnu òṣèré, àwọn kan ń fẹ́ ti èdè Persia. Fíìmù tí akéwì Urdu kọ orin rẹ̀, Hindi, èdè tó bá Urdu tan, ni ìwé àṣẹ ìjọba sábà máa ń pè é. Ìyẹn dun àwọn elédè Urdu dọ́kàn, ó sì yẹ kó dùn wọ́n.

Ti ìwà ọmọlúàbí ńkọ́? Ìdílé tawaif, àwọn obìnrin olórin àti oníjó, ni àwọn òṣèrébìnrin bíi Jaddan Bai ti wá, àwọn ẹlẹ́nu mímọ́ kò sì jẹ́ kó sinmi. Manto, òǹkọ̀wé Urdu tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn sinimá Musawwir ní Bombay láti 1936, wọ́n gbé òun náà dé kóòtù nítorí ìtàn tí wọ́n ní ó rí rádaràda. Ní 1952, Keskar, mínísítà ìròyìn Íńdíà, dín orin sinimá kù lórí rédíò ìjọba. Àwọn olùgbọ́ ṣí lọ sí Rédíò Ceylon, ti Sri Lanka òní.

Lẹ́yìn ìpínyà Íńdíà àti Pakistan ní 1947, Manto kó lọ sí Lahore ní Pakistan, Karachi níbẹ̀ náà ní Nigar, ìwé ìròyìn sinimá tirẹ̀, Shama sì ń tàn ní Delhi títí tó fi kógbá sílé ní 1999.