Ẹ Má Fi Àánú Pa Ajá tí Ẹ Gbà Là

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́ tó kọjá, màmá kan tí wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, gbé ajá kan wá bá mi nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó ọjà. Ayálégbé kan ló kó kúrò nílé tó wà lẹ́yìn ilé wọn, ó sì fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ lórí ṣéènì. Ìgbà tí wọn ò gbọ́ gbígbó rẹ̀ mọ́ ni Màmá tó lọ yọjú wò ó. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà láti ẹnu ọ̀nà. Ṣéènì ti wọ inú ẹran ọrùn rẹ̀ lọ, awọ sì ti ń bò ó mọ́lẹ̀.

Màmá ní, "Dókítà, ó ti jẹun o. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹran ni mo fún un lálẹ́ àná, ó lá abọ́. Mo tún fún un láàárọ̀ yìí, ó tún lá a. Ẹ ṣáà bá mi wo ọrùn rẹ̀."

Bí mo ṣe gbọ́ "ó lá abọ́" ni àyà mi já. Mo fa omi sí i lára, mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú, ọwọ́ Màmá wà lórí rẹ̀. Ajá tó la ebi bí oṣù kan já, abọ́ ẹ̀bà méjì ló pa á.

Màmá ò ṣe àìdáa kankan. Ohun tí ìyá èyíkéyìí máa ṣe ni wọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ni, bẹ́ẹ̀ èmi dókítà ẹranko tí mo mọ̀ ọ́n wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú wọn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Tí ebi bá ti ń pa ajá fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọ̀rá tó wà lára rẹ̀ ni ara á máa jó. Bí ọ̀rá bá tán, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara fúnra rẹ̀. Àwọn èròjà bíi phosphorus, potassium àti magnesium á máa tán lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá gbé ẹ̀bà kún abọ́ fún un. Ẹ̀bà náà di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ara sì tú èròjà tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì jáde láti kó ṣúgà yìí wọ inú ẹran ara. Bó ṣe ń kó ṣúgà wọlé, bẹ́ẹ̀ ló ń kó ìwọ̀nba phosphorus àti potassium tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ lọ. Iṣan ò wá ní agbára mọ́, èémí á máa ṣòro, ọkàn á máa lù ségesège títí tó fi máa dákẹ́. Láàárín ọjọ́ 5 àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí onílé ń yọ̀ pé ajá ti ń jẹun dáadáa. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ènìyàn rí irú rẹ̀ lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ní 1945: àwọn tí ebi ti hàn léèmọ̀, tí wọ́n fún ní oúnjẹ àjẹyó, tí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí wọ́n ti dòmìnira.

Abọ́ kékeré ni kí ẹ gbé fún un. Ẹ gbé ajá náà, ẹ jọ gun òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin nìkan gùn ún. Ohun tó fi yàtọ̀ ni ìwọ̀n ajá. Ajá tó bá tó kílò 10 máa ń lo nǹkan bíi kálórì 400 lóòjọ́ tó bá kàn dùbúlẹ̀ lásán. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn ni ẹ máa fún un lọ́jọ́ kìíní: ẹyin bíbọ̀ kan àti síbí kan ẹja Titus bíbọ̀ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀. Ó tán. Ẹ fọ́ ọ pọ̀, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 5 tàbí 6 láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó máa wò yín lójú, ó máa lá abọ́ tó ti gbẹ, ọkàn yín ò sì ní gbà á. Ẹ mú ọkàn le. Lọ́jọ́ kejì ẹ fi díẹ̀ kún un, kí ẹ máa fi kún un bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa jẹ iye tó yẹ ẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún. Èyí tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kú, ẹ fà á dé ọjọ́ 10. Ẹyin, ẹja àti adìyẹ ni kó ṣáájú. Ìrẹsì àti ẹ̀bà lè dé lẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí egungun adìyẹ tó ti jinná. Tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí tó ń mí gúlegúle, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wá dókítà ẹranko, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ní ti omi, díẹ̀díẹ̀, nígbà gbogbo. Ẹ ti lè gbọ́ pé kí a fa awọ ẹ̀yìn ọrùn ajá sókè, pé bí kò bá padà sípò kíá, omi ti tán lára rẹ̀. Òótọ́ ni fún ajá tí kò rù, tí kò sì sanra jù. Awọ ajá tó ti rù kan egungun kì í padà kíá rárá, kódà bí omi bá tó lára rẹ̀. Èrìgì rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí èrìgì bá lẹ̀ mọ́ ìka yín, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Bí ó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ kò tó, aràn tàbí eégbọn ló sì sábà máa ń fa ìyẹn ládùúgbò wa. Aràn kan wà tó ń lẹ̀ mọ́ ìfun, tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Eégbọn ní tirẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀, ó tún ń kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ajá tí ara rẹ̀ gbóná, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀ tàbí tó dúdú, ilé ìwòsàn ló yẹ kó sùn.

Ohun mìíràn tí àánú máa ń mú wa ṣe ni wíwẹ̀ fún un lálẹ́ ọjọ́ tó dé. Mo mọ̀ pé ó ń rùn. Ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀rá ni aṣọ ajá, kò sì ní aṣọ lọ́rùn mọ́. Omi tútù lè pa á. Ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ibi tó dọ̀tí jù, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tẹ́ àpò tàbí aṣọ àtijọ́ fún un.

Mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ má fi ọ̀tápíápíá pa eégbọn ara ajá. Ó ń gba awọ wọlé, ajá sì ń lá ara rẹ̀. Ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì dúdú pa á lára nítorí kúrúnà. Mi ò mọ iye ajá tí wọ́n ti gbé wá bá mi tí awọ wọn ti bó, tí inú wọn sì ń ṣe wọ́n nítorí epo yẹn. Oríṣi méjì ni kúrúnà ajá tó wọ́pọ̀: ọ̀kan ń ràn mọ́ ènìyàn, á sì máa yún yín lọ́rùn ọwọ́ àti níkùn, èkejì kì í ràn yín. Lábẹ́ ẹ̀rọ awò-nǹkan-kékeré la ti ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Oògùn wọn wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ èyí tí wọ́n ń tà ní ìgò fún màlúù lágbára jù fún ẹni tó ń fi ojú wọn oògùn. Ohun tí ajá kékeré nílò nínú rẹ̀ lè má tó ìdajì mílílítà.

Bí ṣéènì bá ti wọ ara bíi ti ajá Màmá, ẹ má fà á. Ẹ gé e kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́, kí ẹ gbé e wá pẹ̀lú èyí tó wà lọ́rùn. Ọgbẹ́ kéékèèké, omi iyọ̀ tó fún un: síbí tíì kan iyọ̀ nínú ìdajì lítà omi tó ti hó tó sì ti tutù.

Kí n tó lọ sórí ìwà rẹ̀, ọ̀rọ̀ dìgbòlugi. Àrùn yìí, tó bá ti yọjú lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń yè é. Ọ̀dọ̀ ajá ni ó sì ti ń ran ènìyàn ju ibi gbogbo lọ. Ajá tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọmọdé má sún mọ́ ọn, kí ajá mìíràn nínú ilé má sì bá a jẹ abọ́ kan náà. Bí ara rẹ̀ bá ti gbà á, dókítà á fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi àti ti àwọn àrùn yòókù. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi irun ajá sí i. Ẹ má sì pa ajá náà sọnù: ọjọ́ 10 la fi ń ṣọ́ ọ. Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáká lẹ́yìn ọjọ́ 10, a mọ̀ pé kòkòrò àrùn náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bù yín jẹ.

Ìwà ló ń pẹ́ kó tó wò. Ajá tí wọ́n ti lù, tàbí tí kò rí ojú ènìyàn fún oṣù, abẹ́ àga ló máa wọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ní èdè ajá, ẹni tó bá tẹjú mọ́ni ló fẹ́ jà. Ẹ máa ju ẹja bíńtín sí ẹ̀gbẹ́ ara yín láìsọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó máa na ọrùn gbọọrọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì wà lábẹ́ àga, á mú ẹja náà, á sá padà. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti parí. Nígbà tó bá jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan òun, abẹ́ àgbọ̀n ni kí ọwọ́ yín ti wá, kì í ṣe òkè orí. Bó bá ń kùn, ẹ dúró, kí ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ má lù ú nítorí pé ó kùn. Ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún yín, ẹni tó bá sì fi ẹgba gba ìkìlọ̀ lẹ́nu ajá ti kọ́ ọ láti máa bu ènìyàn jẹ láìkìlọ̀. Àwọn mìíràn á máa kùn sórí abọ́, nítorí wọ́n mọ ohun tí ebi jẹ́. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ ju ohun tó dùn ju ti inú abọ́ lọ sí i, kí ẹ máa lọ. Tó bá yá, ó máa máa retí yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ tiwa níbí, pàápàá ní ìlú Oǹdó. Ajá ni Ògún ń jẹ, àwọn ènìyàn wa sì ń jẹ ẹran rẹ̀. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ bí ajá àgbàtọ́ yín bá ti ń sanra, ẹnìkan máa yà láti bi yín pé èló ni. Ẹran tí oògùn kúrúnà àti ti eégbọn wà nínú rẹ̀ kò yẹ ẹnu ènìyàn. Ajá tí kò sẹ́ni tó mọ orísun rẹ̀ sì lè ní dìgbòlugi lára kó tó fi hàn, ọwọ́ ẹni tó ń pa á ló sì máa kọ́kọ́ kàn án.

Ní oṣù kẹfà, Màmá padà wá. Abo ajá kékeré kan ni lọ́tẹ̀ yìí, tí wọ́n rí lórí ààtàn lọ́nà Ìjọ̀kà. Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti ní, "Dókítà, ẹyin kan ṣoṣo ni mo fún un láti àárọ̀, mo sì gé e sí mẹ́fà." Wọ́n sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta; a gba aràn kúrò ní ikùn rẹ̀, a yọ ilé ọmọ rẹ̀ kó má baà bí sí ìgboro, irun rẹ̀ hù padà. Tíṣà kan ní Ọ̀bà-Ilé ló gbà á.

Mo sọ fún Màmá pé kí wọ́n má fọ aṣọ tó ń sùn lé, kí wọ́n ká a bẹ́ẹ̀ fún Tíṣà. Ìró àtijọ́ kan ni, aláwọ̀ aró. Tíṣà tẹ́ ẹ sí igun pálọ̀. Tanímọ̀la yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ àga, ó gbóòórùn bàtà Tíṣà, ó padà sórí ìró náà, ó yípo lórí rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀.