Ìwé Kan ní Téṣàn: Bí Àgbẹ̀ Alálìkámà Kánádà Ṣe Gba Wágọ́nù Lọ́wọ́ Alágbàtà

Lónìí, àgbẹ̀ tó bá gbin àlìkámà ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà lè kọ̀wé sí àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkà, Canadian Grain Commission, pé òun fẹ́ wágọ́nù rélùwéè fún ẹrù òun. Wọ́n á já wágọ́nù náà sílẹ̀ fún un, á fọwọ́ ara rẹ̀ kó ọkà kún inú rẹ̀, ọkà á sì gbéra lórúkọ rẹ̀ láìwọ àká alágbàtà kankan. Òfin ló fún un lẹ́tọ̀ọ́ yẹn, ẹjọ́ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ sì fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Kí ọdún 1900 tó pé, ilé iṣẹ́ rélùwéè Canadian Pacific nìkan ló ń gbé ọkà kúrò ní ọ̀pọ̀ abúlé lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó di ìpínlẹ̀ Saskatchewan lẹ́yìn náà. Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ àká gogoro lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ inú àká bẹ́ẹ̀ máa ń da ọkà kún wágọ́nù kíákíá. Ó bá àwọn oníṣòwò ṣàdéhùn: ẹni tó bá kọ́ àká tó gba 25,000 búṣẹ́ẹ̀lì, ìyẹn nǹkan bí 680 tọ́ọ̀nù àlìkámà, rélùwéè ò ní gba ọkà lọ́wọ́ ẹlòmíì tí kò ní irú àká bẹ́ẹ̀ ní téṣàn yẹn. Àgbẹ̀ tó fẹ́ ti orí kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ da ọkà sínú wágọ́nù fúnra rẹ̀, wọn ò dá a lóhùn.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Alákàá ló ń wọn ọkà, òun ló ń sọ bóyá ó dára tàbí kò dára, òun ló ń dá iye tí yóò yọ kúrò nítorí ìdọ̀tí, òun náà ló tún ń dá owó lé e. Bí àgbẹ̀ bá ní òun ò tà, ibo ló fẹ́ gbé e gbà? Ọ̀nà ilé jìn, òtútù ń mú, gbèsè ẹ̀rọ ìkórè sì wà lọ́rùn. Ẹni tó bá ti ta kòkó rí lábúlé tó jẹ́ pé lọ́rì ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ ibẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn àgbẹ̀ figbe ta. James Douglas, ọ̀kan lára àwọn aṣòfin wọn, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lọ́dún 1899. Òfin tí wọ́n ń pè ní Manitoba Grain Act jáde lọ́dún 1900. Ó ní kí rélùwéè ṣe pèpéle sí téṣàn, kí àgbẹ̀ tó bá fẹ́ lè dúró lórí rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ sínú wágọ́nù.

Ìkórè ọdún 1901 ló fi hàn pé pèpéle nìkan ò tó. Ọkà ya bo ilẹ̀ lọ́dún náà, wágọ́nù ò kárí, yìnyín sì máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ọkà gba adágún Superior lọ sí ìlà oòrùn nígbà òtútù. Ìwọ̀nba wágọ́nù tó ń wọlé, iwájú àká ni wọ́n ń já a sí. Àgbẹ̀ dúró lórí pèpéle, ó ń wò ó.

Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Roblin tó jẹ́ olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Manitoba àti Haultain tó jẹ́ ti àwọn ilẹ̀ Àríwá Ìwọ̀ Oòrùn fẹ́ jiyàn ní gbangba ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Indian Head, lórí bóyá kí Manitoba gba lára ilẹ̀ náà mọ́ra. W. R. Motherwell, àgbẹ̀ kan láti Abernethy, àti ẹnì kejì rẹ̀ Peter Dayman mọ̀ pé èrò á pọ̀, ni wọ́n bá pe ìpàdé àgbẹ̀ sí àkókò kan náà. Olóṣèlú kó èrò jọ, àgbẹ̀ kórè wọn! Bí ẹgbẹ́ Territorial Grain Growers' Association ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ yìí ò kọ́kọ́ bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ní kí ìwé kan wà ní téṣàn kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń fẹ́ wágọ́nù, ì báà ṣe alákàá, ì báà ṣe àgbẹ̀, kọ orúkọ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa pín wágọ́nù bí orúkọ ṣe tẹ̀ léra. Lọ́dún 1902, ìjọba fi í kún òfin. Èmi ò rí ohun tó mọ́gbọ́n dání tó èyí nínú gbogbo ìjà wọn. Bí ọkà ṣe dára tó, a lè jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n ta ló máa jiyàn orúkọ tó wà lókè nínú ìwé?

Rélùwéè ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. Nígbà ìkórè ọdún 1902, Motherwell àti E. A. Partridge, àgbẹ̀ kan láti Sintaluta, lọ sí Winnipeg, olú ìlú Manitoba, láti kìlọ̀ fún àwọn ọ̀gá rélùwéè, kò sí àyípadà. Ni wọ́n bá pe aṣojú rélùwéè ní téṣàn Sintaluta lẹ́jọ́. Àwọn májísíréètì dá a lẹ́bi, wọ́n bu owó ìtanràn dọ́là 50 lé e pẹ̀lú owó ẹjọ́. Canadian Pacific gbé ẹjọ́ náà títí dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Kánádà, wọ́n sì tún dá àgbẹ̀ láre níbẹ̀. Dọ́là 50 kò lè dun ilé iṣẹ́ tó nà láti òkun dé òkun, àmọ́ aṣojú rẹ̀ wà ní téṣàn gbogbo, àgbẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ọ̀nà là, ó ku ẹni tó máa ta ọjà náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1905, àwọn ará Sintaluta rán Partridge lọ sí Winnipeg kó lọ wo bí wọ́n ṣe ń ra ọkà, tí wọ́n ń tà á. Ohun tó rí níbẹ̀ kò dùn mọ́ ọn nínú. Lọ́dún 1906, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Grain Growers' Grain Company sílẹ̀, àgbẹ̀ ló ni ín, wọ́n sì ra ìjókòó nínú ọjà ọkà Winnipeg, ìyẹn àyè láti máa ṣòwò níbẹ̀. Kò tíì pé ọdún tí àwọn alágbàtà fi lé wọn jáde, nítorí wọ́n ní àwọn á máa pín èrè fún àgbẹ̀ bí ọkà tí kálukú gbé wá bá ṣe pọ̀ tó. Ìjọba Manitoba dá sí i ní 1907 kí wọ́n tó padà wọlé.

Wágọ́nù àgbẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń béèrè rẹ̀ ti dínkù gan-an látìgbà tí ìjọba ti gba àṣẹ ẹyọ olùrà lọ́wọ́ Canadian Wheat Board lọ́dún 2012, ìyẹn àjọ tó jẹ́ pé òun ló ń bá àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn ta àlìkámà wọn tẹ́lẹ̀. Àká onígi ti ń pòórá lábúlé, àwọn ràgàjì onísìmẹ́ǹtì ló kù, lọ́rì ló sì ń gbé ọkà lọ bá wọn láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn ìkórè ńlá ọdún 2013, ẹrù há mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: àgbẹ̀ tó ti bá alákàá ṣàdéhùn oṣù tí yóò gbé ọkà wá, wọ́n á ní kó ṣì ní sùúrù, wágọ́nù ò tíì dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ rélùwéè méjì, Canadian National àti Canadian Pacific, máa gbé ó kéré tán 500,000 tọ́ọ̀nù ọkà lọ́sẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.