Kí ni wọ́n ń pè ní stop-motion?

Stop-motion ni ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú ohun tí kò lẹ́mìí rìn nínú fíìmù. Wọ́n á gbé ère síwájú kámẹ́rà, wọ́n á ya àwòrán kan péré, wọ́n á fọwọ́ sún ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún ya òmíràn. Tí àwọn àwòrán náà bá wá ń kọjá wàrà-wàrà, ojú kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Rírìn ni yóò máa rí. Ẹni tó bá ti ya ènìyàn sí etí ìwé rí nílé-ìwé, tó sì fi àtàǹpàkò ṣí i kíákíá, ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo The Lost World, fíìmù aláìlóhùn tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1925. Inú ìwé ìtàn tí Arthur Conan Doyle kọ lọ́dún 1912 ni wọ́n ti yọ ọ́: àwọn arìnrìn-àjò gun òkè kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n sì bá dáínósọ̀ láàyè níbẹ̀. Willis O'Brien ló mú àwọn ẹranko náà rìn, Marcel Delgado ló mọ ère wọn. Irin tó ní oríkèé ni egungun wọn, rọ́bà ni awọ. Àwọn kan tiẹ̀ ní àpò afẹ́fẹ́ nínú, kí ikùn wọn lè máa wú, kó máa rọlẹ̀ bíi ti ohun tó ń mí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti wú mi lórí jù, torí ẹranko tó dúró tí kò mí, ère lásán ni gbogbo ayé á mọ̀ ọ́n sí.

Iṣẹ́ àṣelàágùn ni o. Bí àwòrán 16 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo á gba 960.

Ní June 1922, Doyle gbé díẹ̀ lára irú iṣẹ́ O'Brien yìí lọ síbi àpèjẹ ẹgbẹ́ àwọn onídán ní New York, níbi tí Houdini, gbajúgbajà onídán, wà. Kò sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn New York Times kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ayédèrú ni. Ẹ̀yìn náà ni Doyle kọ̀wé sí Houdini, tó sì tú àṣírí.

Láti fi ènìyàn àti ère sójú kan náà, wọ́n á bo apá kan fíìmù nígbà tí wọ́n bá ń ya ère, wọ́n á dá fíìmù padà sẹ́yìn, wọ́n á wá ya òṣèré sí apá tí wọ́n bò.

Àbùkù kan wà níbẹ̀. Ẹranko gidi tó ń sáré máa ń rí bàìbàì nínú àwòrán. Ère dúró gbọin nígbà tí wọ́n ń yà á, torí náà gbogbo àwòrán rẹ̀ ló mọ́ kedere, ìrìn rẹ̀ á sì máa já.