Therapist kì í ṣe aríran: ohun tí ẹ ó bá pàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́

"Mo lọ, ìbéèrè ló ń bi mí títí àsìkò fi pé, kò sì sọ ohun tí màá ṣe. Ṣé nítorí ìyẹn ni mo ṣe sanwó?" Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ará Èkó tó lọ rí therapist, ìyẹn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ìṣòro ọkàn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọn ò padà lọ mọ́. Ó máa ń dùn mí, torí ojú ọ̀pọ̀ wọn ti rí màbo kí wọ́n tó gbà láti lọ. Therapist yẹn ò lù wọ́n ní jìbìtì o. Ohun tí wọ́n ń retí ni kò sí níbẹ̀.

Mo mọ ibi tí ìrètí náà ti wá. Bí orí bá ń fọ́ wa, a lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n á po oògùn fún wa. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú rú, a tọ babaláwo lọ, á dá Ifá, á ní kí a rú báyìí-báyìí. Wòlíì àti ààfáà náà, wọ́n á sọ àdúrà tí a ó gbà àti iye ọjọ́ tí a ó fi gbà á. Àwa á sọ díẹ̀, àwọn á sọ púpọ̀. Lọ́dọ̀ therapist, ẹ̀yin lẹ ó sọ púpọ̀.

Ti àwọn tó ń sọ pé wèrè nìkan ló ń lọ rí therapist, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. 1907 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn Yábàá, ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú pa mọ́ sí ni nígbà yẹn, "Yaba Left" sì di èébú lẹ́nu wa títí dòní. Lóde òní, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọ ibẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n á rí dókítà tán, tí wọ́n á gba ilé wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà. Dókítà ọpọlọ (psychiatrist) ló ń kọ oògùn. Psychologist, tí òun náà lè jẹ́ therapist, kì í kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ó jókòó bí ìṣẹ́jú 45 sí 60. Therapist á bi yín ní ohun tó gbé yín wá àti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, bóyá ẹ ń rí oorun sùn, bóyá oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun, ọtí, oògùn, àárín ẹ̀yin àti àwọn ará ilé. Iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló ń ṣe é, ó sì lè jẹ́ thyroid, ẹ̀yà ara kékeré tó wà ní ọrùn, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, ló ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Therapist tó mọṣẹ́ á ní kí onítọ̀hún kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta léèsì ní Balógun gbà kí n sọ tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí lójijì. Bó ṣe ń ròyìn bí wọ́n ṣe gbé ọkùnrin náà dé ilé ìwòsàn, ẹ̀rín ló ń rín. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín. Ọmọbìnrin tó jẹ́ therapist rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó wá rọra ní, "Mà, ẹ̀rín lẹ̀ ń rín bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́. Kí ló wà lọ́kàn yín?" Ìyá yìí ò fèsì. Etí ìborùn rẹ̀ ló ń ká, tó tún ń tú. Ó pẹ́ kó tó sọ pé láti ọjọ́ ìsìnkú, òun ò tíì ráyè sunkún. Inú bí i nígbà tó jáde, ó ní ọmọ yẹn ò gba òun nímọ̀ràn kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo ẹni tó wá kí i kú ará fẹ́ra kù ló gbà á nímọ̀ràn: "Ẹ mọ́kàn le, ẹ má sunkún mọ́, torí àwọn ọmọ." Ìmọ̀ràn yẹn ló dí i lẹ́nu. Bí ọmọ náà bá fi tirẹ̀ kún un, ọ̀rọ̀ ẹkún yẹn ì bá má jáde.

Ìbéèrè kan wà tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù: "Ṣé ó ti ṣe yín rí bíi kí ẹ má sí láyé mọ́?" Ẹlòmíì á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Á rò pé wọ́n ń gbin èrò náà sí òun lọ́kàn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé bíbéèrè kì í dá èrò yẹn sílẹ̀, ńṣe ló ń fún ẹni tó ti ń rò ó láyè láti sọ ọ́. Àwọn kan ń bẹ̀rù òfin, torí Criminal Code, ìwé òfin ọ̀daràn Nàìjíríà, ní ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Èrò lásán kì í ṣe ìgbìyànjú, òfin ọ̀daràn tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sì ní ilé ìwòsàn ni kí kóòtù darí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ dáhùn bó ṣe rí gan-an. Bó bá ti di pé ẹ ń pète bí ẹ ó ṣe ṣe é, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn, kí ẹnì kan bá yín lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà mélòó lẹ ó lọ? Irú ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT, tó ń tún bí a ṣe ń ronú àti bí a ṣe ń hùwà ṣe, tí dókítà ọpọlọ kan, Aaron Beck, dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, sábà máa ń gba ìjókòó 6 sí 20. Wọ́n á fún yín níṣẹ́ ṣe lọ sílé, bíi kí ẹ máa kọ ohun tó ń bọ̀ sí yín lọ́kàn nígbà tí ẹ̀rù bá dé. Lẹ́yìn ìjókòó kejì tàbí ìkẹta, ara lè wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ dé ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì rí á mọ ohun tí mò ń sọ: eegun ti so pọ̀, àmọ́ wọ́n ní kí o dìde rìn, ó ń dùn ọ́, ẹni tó dúró tì ọ́ ò sì lè bá ọ rìn ín.

Àṣírí ńkọ́? Ẹnu therapist gbọ́dọ̀ dákẹ́, àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, tiyín tàbí ti ẹlòmíì, tí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, tàbí tí kóòtù bá pàṣẹ. Ó yẹ kó sọ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí kò bá sọ ọ́, ẹ bi í. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ tó san owó ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ohun tí àgbàlagbà bá sọ níbẹ̀.

Tí ọkàn yín ò bá sì balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà bíi mẹ́ta, ẹ sọ fún un. Mo mọ̀ pé ó nira fún wa láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó jù wá lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ ọ. Ó lè yí ọwọ́ padà, ó sì lè júwe ẹlòmíì fún yín. Èyí tó bá ń yá owó lọ́wọ́ yín, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí yín, ẹ dìde níbẹ̀, kí ẹ má padà síbẹ̀ mọ́.